Orí Kẹrin: Omi Lápá Òsì — Gígun Kẹ̀kẹ́ láti Festac dé Àgbádárìgì

Bí ẹ bá dúró ní First Gate ní Festac, tí ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, títì tó wà níwájú yín kì í ṣe ti Àgbádárìgì nìkan. Ó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọnu, sí Lomé, sí Accra, sí Abidjan, ó ń lọ títí dé Dakar. Gbogbo rẹ̀ lé ní 4,000 kìlómítà. A kò ní lọ sí Dakar nínú orí yìí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà la fẹ́ gùn, bí 50 kìlómítà láti Festac dé Àgbádárìgì, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka ọ̀nà tó yà sí etí omi àti èyí tó yà sí ìpadò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ń lọ sí Àgbádárìgì, omi wà lápá òsì yín. Bí ẹ bá ń bọ̀, ó wà lápá ọ̀tún. Ọ̀sà tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá títì rìn, ó bẹ̀rẹ̀ lápá èbúté Èkó, ó kọjá níwájú Àgbádárìgì, ó sì wọ ilẹ̀ Benin lápá Àjàṣẹ́. Lódìkejì ọ̀sà náà ni erékùṣù oníyanrìn wà, ẹ̀yìn erékùṣù yẹn sì ni òkun. Ṣùgbọ́n ilé, ọgbà àti ọjà ti bo omi lójú. Ẹni tó bá gun títì ńlá nìkan lè dé Àgbádárìgì kó máà rí omi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ka ọ̀nà tó yà sósì ló ń mú èèyàn dé ibi tí ojú ti ń rí nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ orí yìí gẹ́gẹ́ bí ìrìn àjò kan ṣoṣo tí a ń fi agbára sáré parí. Ẹ yà. Ẹ dúró. Ẹ wo omi, kí ẹ tó padà sórí títì.

Apá ọ̀tún ni àwọn odò ti ń wá. Odò Òwò ń ṣàn bọ̀ láti ìpínlẹ̀ Ògùn wọ inú ọ̀sà Ológè. Odò Yewa náà ń bọ̀ láti òkè wá dà sínú ọ̀sà Àgbádárìgì. Ẹ má retí àfonífojì tó ní òkè gíga lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ yìí, àbàtà sì pọ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni òkè tí ẹ máa gùn.

Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Lójú tèmi, aago ṣe pàtàkì ju máìlì lọ. Ọ̀nà tó dùn ún gùn láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú lè di ibi ìpalára láago mẹ́wàá ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ fẹ́ràn. Ọjà Alábà kì í tà lọ́jọ́ yẹn, àwọn ìṣọ̀ Trade Fair náà kì í ṣí, àwọn tírélà sì máa ń dín kù. Kí aago mẹ́jọ tó lù, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì kún títì. Oòrùn Èkó máa ń yọ láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje jálẹ̀ ọdún, nítorí náà ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ má jáde nínú òkùnkùn, bó ti wù kí iná kẹ̀kẹ́ yín mọ́lẹ̀ tó. Kòtò tó wà nínú òkùnkùn kò mọ iná kẹ̀kẹ́.

Ti afẹ́fẹ́ náà ṣe é lò. Láti òkun ni atẹ́gùn wa ti ń fẹ́, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó sì máa ń le sí i bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n. Èyí fi hàn pé ó yẹ kí ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì rọ̀, kí ẹ sì padà nígbà tó bá ti le, nítorí pé ẹ̀yìn yín ni yóò máa tì. Ẹni tó bá sùn pẹ́, ìjà ni yóò fi gbogbo àlọ jà.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dára jù. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, òjò máa ń rọ̀ púpọ̀, oṣù kẹfà ló sì máa ń le jù. Ìsinmi díẹ̀ máa ń wà nínú oṣù kẹjọ. Lásìkò ọyẹ́, ekuru pọ̀ ní títì. Ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ sì mu omi ju bí òǹgbẹ ṣe ń gbẹ yín lọ.

Inú Festac: ibi tí a ti ń kọ́ ẹsẹ̀

Kí ẹ tó jáde sí títì ńlá, ẹ fi inú Festac kọ́ ẹsẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ àdúgbò yìí fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, FESTAC '77, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1977. Ibí ni wọ́n fi àwọn àlejò tó wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 sí. Lẹ́yìn àjọ̀dún, wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn aráàlú. Nítorí pé ètò ti wà nílẹ̀ kí ilé tó wà níbẹ̀, àwọn àfẹ́níù rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó lọ, igi sì ṣì wà létí wọn níbi tí wọn kò tíì fi ṣọ́ọ̀bù dí. Nọ́ńbà ló ń darí èèyàn níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà tó ṣíwájú lára orúkọ títì ló ń sọ àfẹ́níù tó ti yà: 21 Road àti 23 Road, Second Avenue ni kí ẹ wá wọn sí, 41 Road, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin wà, apá Fourth Avenue ni. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò lè sọnù pẹ́.

Ẹ yí Festac po láàárọ̀, láti First Avenue lọ sí àwọn àfẹ́níù tó jìnnà sínú, kí ẹ sì padà. Ẹ fi ibẹ̀ kọ́ bí ẹ ṣe máa fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú kí ẹ fi èkejì júwe ibi tí ẹ ń yà sí, bí ẹ ṣe máa wẹ̀yìn láìyẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, àti bí ẹ ṣe máa kọjá bọ́ǹpù láìfi ìdí lu ìjókòó. Kẹ̀kẹ́ Márúwá pọ̀ níbẹ̀, ó sì lè yí padà níbi tó bá wù ú. Ẹ máa wo táyà iwájú rẹ̀. Táyà yẹn ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ kí awakọ̀ tó rántí pé ó yẹ kí òun tan iná.

Ẹ tún lè gba Àmùwò kọjá lọ síbi afárá tó so ó mọ́ Agó Palace ní Òkòtà. Lórí afárá náà, ẹ ó rí omi àti àbàtà tó kù láàárín ilé, àti iye ilẹ̀ tí wọ́n ti fi yanrìn dí. Ó bà mí nínú jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i, torí omi tí wọ́n bá dí mọ́ ibẹ̀ yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà nígbà òjò, àárín àwọn ilé náà ni yóò sì gbà.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yàgò fún pátápátá: Mile 2 sí Kírìkírì àti sí Àpápá. Táńkà epo àti tírélà tó ń lọ sí èbúté ni wọ́n ni ọ̀nà yẹn. Kò sí àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó lè sọ ọ́ di tẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́, táyà àti fọkanáísà

Kẹ̀kẹ́ eré ìje tó ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n títì wa kò gbà á. Táyà tó fẹ̀ tó 32 mílímítà ni kí ẹ fi sí i bí férémù bá gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹ má lọ sílẹ̀ ju 28 lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu túùbù ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Fọkanáísà wà ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ibùdókọ̀ láti Alákijà dé Àgbárá, bẹ́ẹ̀ ẹ lè dúró níwájú rẹ̀ kó máà lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Presta ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó wá láti òkè òkun. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọkanáísà, ẹnu táyà mọ́tò ló bá mu. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ orí Presta kó lè di ẹnu mọ́tò. Ó kéré ju ìka ọwọ́ lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ ra méjì, kí ẹ de ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹ fi èkejì sápò.

Bí túùbù bá jò, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá fọkanáísà ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Yóò fọn afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, yóò tẹ̀ ẹ́ sínú bàsíà omi dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìfófòó yóò fi yọ lójú kan. Á fi àtàǹpàkò di ibẹ̀, á nù ún gbẹ, á há a, á sì lẹ̀ ẹ́. Ibi tí ẹ ti ní láti la ẹnu ni nígbà tó bá fẹ́ fọn afẹ́fẹ́ padà sínú táyà. Ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára, táyà kẹ̀kẹ́ sì kéré. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó láti fi bẹ́ ẹ. Ẹ ní kó máa fọn ún díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà wò. Iye tí táyà gbà wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò nílé.

Túùbù méjì, irin tí a fi ń yọ táyà, pọ́ǹpù kékeré, àṣíborí, gíláàsì ojú, káàdì ìdánimọ̀ àti owó wẹ́wẹ́, wọ̀nyí kò gbọdọ̀ wọ́n lára yín.

Ẹ̀ka etí omi: Satellite Town àti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá

Láti Alákijà, ẹ yà sósì wọ Satellite Town, ẹ máa lọ sí gúúsù títí dé èbúté Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Ibí ni ẹ ti máa kọ́kọ́ rí ọ̀sà gbangba. Àwọn ilé ìpamọ́ epo wà létí omi níbẹ̀, nítorí náà táńkà ń wọlé ó ń jáde, ọ̀nà sì bàjẹ́ nítorí ẹrù wọn. Epo tó bá kán sílẹ̀ kì í fara hàn títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi kán. Lẹ́yìn ìyẹn, títì á máa yọ̀. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì iwájú níbi tí ẹ bá ti ń yà, ẹ má sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin kò parí sí etí omi. Ọ̀pọ̀ abúlé rẹ̀ wà lódìkejì: Ìbẹ̀ṣẹ̀, Ìlàṣẹ̀, Tòmarò, Ìrèdé àti àwọn mìíràn tí títì kò dé. Ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ kọjá, ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ owó ẹrù pọ̀ mọ́ owó èrò kí ẹ tó wọ inú ọkọ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ẹ̀ńjìnnì tó dún, bí ojú omi tilẹ̀ tutù. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ẹ kọjú ṣéènì sókè, kí ẹ sì fi okùn dè é. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ gbé e lé ibi tó fẹ́, torí òun ló mọ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ ń wúwo sí.

Lódìkejì, iyanrìn ló kù. Iyanrìn gbígbẹ kì í jẹ́ kí táyà yí. Ibi tí omi òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò, tó ṣì tutù, tó sì le, ni a ń gùn, nígbà tí òkun bá ti fà sẹ́yìn. Ẹ bi àwọn apẹja léèrè àsìkò tí omi ń fà àti èyí tó ń kún. Wọ́n mọ̀ ọ́n, inú wọn sì máa ń dùn láti sọ fún ẹni tó bá kí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun kì í fi ṣéènì sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì, ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ fọ kẹ̀kẹ́ látòkè délẹ̀, ẹ fi àkísà nu ṣéènì títí àkísà kò fi ní dúdú mọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi ọ́ìlì sí i. Ọ́ìlì lórí iyọ̀ kò wúlò.

Títì Àgbádárìgì

Apá àkọ́kọ́ ló le jù. Láti Mile 2 dé Òkòkómáíkò, ojú irin Blue Line ni wọ́n ń fẹ́ gbé dé ibẹ̀. Apá Marina sí Mile 2, 13 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Bó bá dé Òkòkó, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 27 kìlómítà. Títì fúnra rẹ̀ ti ń gba àtúnṣe láti ọdún 2009, nítorí náà ẹ lè bá ibi tó tẹ́jú dáadáa kí ó sì já sí iyanrìn lójijì. Ẹ máa wo iwájú, ẹ má wo táyà.

Abúlé-Àdó wà lójú ọ̀nà yìí. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, iná tó bẹ́ níbẹ̀ pa àwọn ènìyàn, ó sì wó ilé púpọ̀. Páìpù epo ń gba abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò náà. Ẹ má dúró sinmi lórí ilẹ̀ tí wọ́n bá ti sàmì páìpù sí, ẹ má sì dáná nítòsí rẹ̀. Ẹ dárúkọ àwọn tó lọ nínú àdúrà bí ẹ bá ń kọjá.

Láti ibẹ̀ dé Ìyánà-Ìbà, níwájú Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, dáńfó ni ẹ óò máa bá jìjàdù. Etí ló ń gbà yín níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí èrò inú ọkọ̀ bá ké pé "Ó wà o!", ẹ mọ̀ pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ọkọ̀ náà yóò já wá sápá ọ̀tún, sójú ibi tí ẹ wà. Bí kọ́ńdọ́ sì bá na ẹsẹ̀ kan síta, bákan náà ni. Ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjá lára dáńfó tó ń dẹwọ́. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó já, kó gbé, kó lọ. Ẹ tún ṣọ́ ọlọ́kadà tó ń gba wan-wéè bọ̀. Bó bá ń bọ̀ wá bá yín, ẹ dín eré kù kí ẹ fún un ní àyè tí ẹ fẹ́ kó gbà, ẹ má jẹ́ kó rò pé ẹ̀yin náà ń wá àyè.

Lẹ́yìn Òkòkómáíkò, ara á tù yín díẹ̀díẹ̀. Ilé ń jìnnà síra wọn, igi ń pọ̀ sí i. Ní ìhà Ọ̀tọ̀ àti Ìjànìkín, ọ̀sà Ológè wà nítòsí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó béèrè ọ̀nà etí omi lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, wọ́n sì ti ń pẹja níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Omi ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Àgbárá ń ṣàn wọ inú ọ̀sà yìí, àwọn onímọ̀ sì ti ṣèwádìí lórí bó ṣe ń ba á jẹ́. Ẹ wò ó, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀.

Ní Àgbárá, ẹni tó bá fẹ́ ìpadò lè yà sọ́tùn-ún lọ sí Lúsádà àti Àtàn, níbi tí ilẹ̀ ti ń gbéra díẹ̀ lápá Odò Òwò. Ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ ló ni ọ̀nà náà láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọjọ́ Àìkú nìkan ni, kẹ̀kẹ́ onítáyà gbòòrò nìkan sì ni.

Kọjá Àgbárá, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn aṣọ́bodè, ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú-ìjáde pàdé. Sẹ̀mẹ̀ ló fà á. Kò sí ẹni tí yóò bi yín léèrè ẹrù bí báàgì yín bá kéré, ṣùgbọ́n wọn lè béèrè ẹni tí ẹ jẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kí wọn, ẹ fi káàdì hàn. Ẹ má ya fọ́tò níbẹ̀.

Àgbọn ni oúnjẹ ọ̀nà yìí. Ìhà Àgbádárìgì ni oko àgbọn Èkó wà, wọ́n ń tà á létí títì. Omi àgbọn tútù kan àti àkàrà gbígbóná lè gbé èèyàn lọ ju ohun mímu aládùn inú ike lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín níbí, ẹ rántí Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Ebenezer Obey fi orin sọ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ìrìn àjò rẹ̀ lórí alùpùpù, ṣùgbọ́n ní 1952, orí kẹ̀kẹ́ ológeere ló wà nígbà tó gbéra láti Chicago tó forí lé Los Angeles, bí 3,600 kìlómítà, ní agbádá.

Nígbà tí ẹ bá wọ Àgbádárìgì, ẹ tẹ̀ síwájú dé Marina. Omi náà wà níbẹ̀, gbangba, kò sí ilé tó dí i. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845, kọjú sí i. Ọjà ẹrú Vlekete kò jìnnà. Lódìkejì ni Gbẹ́rẹ̀fù, erékùṣù tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú gba orí iyanrìn rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ òkun. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìyẹn. Ọ̀nà yẹn kò yẹ ní gígùn.

Ẹ gbéra padà kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí ara kò bá gbé e mọ́, ẹ wọ bọ́ọ̀sì Mile 2 ní ibùdókọ̀. Ẹ bá dẹ́rẹ́bà sọ owó kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó gbé e, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yọ táyà iwájú kúrò, ẹ gbé férémù sẹ́yìn ọkọ̀, kí apá ṣéènì máà fara kan ẹrù ẹlòmíràn. Ẹ gbé táyà náà lé itan yín. Bí ẹ bá fi í sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, àpò gàrí ni wọ́n máa gbé lé e, àwọn sípóòkì rẹ̀ yóò sì ti wọ́ kí ẹ tó dé Òkòkó.